Lẹ́tà Méjì Lábẹ́ Ìgò Iyọ̀

Aago mẹ́rin ìdájí, ní Montana.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí iṣẹ́ áńbúláǹsì dé,
yìnyín ara bàtà mi ń yọ́ sórí ilẹ̀ pákó.
Lẹ́tà méjì wà lábẹ́ ìgò iyọ̀.
Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke.
Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni owó àsansílẹ̀,
ẹyọ kan ṣoṣo ni agbára mi ká.

Èyí àkọ́kọ́ ti California wá,
láti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn Onísábáàtì.
Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé n kò ní mu ọtí,
n kò ní fa sìgá,
pé bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì
ìwé á di pípadé títí di àṣálẹ́ ọjọ́ kejì.
Ẹran kò sí nínú ilé oúnjẹ wọn.
Bàbá mi, tó ń sin ọ̀ọ́dúnrún màlúù,
ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ fìlà, ó họ orí:
"Corliss, kí ni kí n wá máa fi ránṣẹ́ sí ọ?"

Ìkejì ti Missouri wá,
láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń fọwọ́ gbọ́ èdè eegun.
Oògùn kan náà ni wọ́n ń kọ́, abẹ kan náà,
òkú kan náà lórí tábìlì,
àmọ́ wọ́n á tún fi igba wákàtí lé e
kí àtẹ́lẹwọ́ tó mọ ibi tí ẹ̀yìn ti ń sunkún.
Merrill, ẹ̀gbọ́n mi, ti béèrè:
"Ṣé dókítà gidi nìyẹn, àbí ti olùwọ́ra?"

N kò dá a lóhùn. Mo rántí Ìyá Àgbà Ardis,
ẹni tó máa ń pa rédíò ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì
bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.
Ọdún tí ẹṣin gbé e ṣánlẹ̀,
orí tábìlì yìí gan-an ni Dókítà Penhallow tẹ́ ẹ sí.
Ó gbé ìgò iyọ̀ kúrò,
ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ egungun ìhà rẹ̀, ó dákẹ́,
ó dákẹ́ títí omi orí iná fi hó tán.
Nǹkan kan wá dún, kékeré, bí ẹ̀ka igi gbígbẹ.
Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀,
ó ní, "Ògo ni fún Olúwa,"
ó sì san dọ́là méjìlá fún dókítà.

Òun kan náà ni lẹ́tà méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.
Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni mí.

Lóru yìí, awakọ̀ kan tó ń kó bálì kú sí mi lọ́wọ́.
Verlene, ìyàwó rẹ̀, di apá aṣọ mi mú:
"Sọ nǹkan fún un! Sọ nǹkan fún Ọlọ́run!"
Ẹnu mi gbẹ bí oko tí wọ́n ti kórè.
Ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe, mo ń tẹ àyà, mo ń kà:
ọgbọ̀n. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n.

Bàbá mi ti jí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wọ bàtà,
ó dúró lágbedeméjì, ó di ìbàdí mú,
ó ń ṣe bí ẹni pé okùn bàtà ló ń wò.
N kò mọ ìgbà tí mo dìde.
"Níbo?"
"Kò sí nǹkan kan."
"Bàbá, níbo?"
"Sísàlẹ̀ díẹ̀. Lápá òsì."

Ọwọ́ mi tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná
bí ẹ̀yìn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.
Mo dijú.
Bóyá àdúrà ni mò ń gbà o,
bóyá eegun ni mò ń tẹ́tí sí, n kò mọ̀.
N kò tíì gbé ọwọ́ kúrò.