Ọwọ́ Mẹ́ta Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní Tiruppur, níbi tí odò ti ń ṣàn
ní àwọ̀ aró tí wọ́n bá rẹ láàárọ̀,
bàbá mi Sellamuthu yá ogójì ẹgbẹ̀rún rúpíì
kó lè ra ẹ̀rọ ìhunṣọ kan, àlòkù.

"Ìwé sọ̀wédowó mẹ́ta," ni Ponnusami wí,
"buwọ́ lù wọ́n. Má kọ iye, má kọ ọjọ́.
Ìdógò lásán ni."
Bàbá mi buwọ́ lù wọ́n,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kó gbẹ,
ó tiẹ̀ tún dúpẹ́.

Ọdún mẹ́rin ló fi san án tán.
Owó ọwọ́ ni, kò gba rìsíìtì.
Ta ní í bèèrè rìsíìtì
lọ́wọ́ ẹni tó bá a sin ìyá rẹ̀?

Ponnusami kú. Ọmọ rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù,
ó bá ọwọ́ bàbá mi níbẹ̀, mẹ́ta gbáko.
Ó kọ ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún sórí ọ̀kan.
Báńkì dá a padà: owó kò tó.
Lẹ́tà lọ́yà dé. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.

Adájọ́ gbé ìwé sókè: "Ṣé ọwọ́ rẹ nìyí?"
"Ọwọ́ mi ni, Olúwa mi,
ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ló pe iye yẹn."
"Ọwọ́ mi ni" nìkan ni akọ̀wé rí kọ.

Sọ̀wédowó ni wọ́n ń pè é.
Tiwa sọ̀wé dẹjọ́,
ó sọ ẹ̀rọ di àyè òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Méjì ṣì kù níta.
Lálẹ́, bàbá mi a máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀
bí ẹni ń ka ọmọ tí kò tíì wọlé.