Orúkọ Tí Ayùn Gé

Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Mo jókòó sórí àga tí mo kàn lánàá,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń rùn fún gọ́ọ̀mù.
Sẹ̀gilọlá, ọma àbúrò mi, gbé kọ̀ǹpútà lé itan,
ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni ká pè yín lórí ayélujára?"

Èwo tún nìyẹn?
Èmi tí wọ́n ti ń pè látọjọ́ kẹjọ!
Ọnàfọwọ́kàn ni bàbá mi,
ọnà ti fọwọ́ kàn án kó tó mọ orúkọ ayùn.
Ọnà náà ni mo kọ sára bọ́ọ̀dù ìta,
ọ̀dà pupa, àmì ìdí rẹ̀ tó orí ìka.
Mo ní, "Tẹ Ọnà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì ìdí já bọ́,
bí ẹ̀ka tí ayùn kọjá lára rẹ̀.
o, n, a.
"Ó níbi tí wọ́n ti ń gba àmì, Bọ̀ọ̀dá,
ṣùgbọ́n ta ni yóò wá a rí lórí fóònù rẹ̀?"
Mo wo lẹ́tà mẹ́ta tó dúró níhòòhò.
Ṣé ọnà tí à ń gbẹ́ ni,
àbí ọ̀nà tí à ń tọ̀ dé Àgọ́-Ìwòyè?

Kò tilẹ̀ kàn wá.
Ẹnìkan ti gbà á, ní ìlú tí wọn ò mọ
ọ̀gánwó yàtọ̀ sí ìrókò.
Kò fi ṣe nǹkan kan. Ó jókòó lé e,
ó ń retí ẹni tí yóò wá fowó ńlá bẹ òun.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi:
àṣé ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ náà!

A gbìyànjú èyí, a gbìyànjú tọ̀hún.
Òmíràn gùn ju pákó ẹsẹ̀ méjìlá lọ.
Ìgbà tó yá ni ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé
fowokanaga,
ó bojú wò mí, ẹ̀rín ń sá lẹ́nu rẹ̀.
Fọwọ́ kan àga.
Tàbí kẹ̀, fowó kan àga.
Mo ní, "Ìjẹ̀bú ni wá. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Oníbàárà tó bá ka méjèèjì ló gbọ́ wa yé."

Owó rẹ̀ ò tó fáníìṣì gálọ́ọ̀nù kan.
Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì pé mo rà á tán.
"Ẹ ò rà á o, ẹ yá a ni. Ọdọọdún lẹ ó máa san án.
Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹlòmíràn á wọlé."
Orúkọ tí à ń sanwó ilé fún!
Ìyá mi ì bá pariwo.

Mo rántí Ṣótúndé tó ń ṣe búrẹ́dì ní Orù.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a gba orúkọ
fi ìmeèlì ara rẹ̀ gbà á, ó bá ti Kánádà lọ.
Búrẹ́dì ṣì ń bẹ nínú ààrò,
orúkọ ti wọ ọkọ̀ òfurufú.
Mo ní, "Sẹ̀gi, mo fẹ́ràn rẹ o,
ṣùgbọ́n ìmeèlì tèmi, nọ́ńbà fóònù tèmi."
Kò bínú. Mo ká ọ̀rọ̀ ìwọlé náà
sínú agolo ìṣó oníníṣì méjì,
níbi tí olè kankan kì í wá nǹkan sí.

Ó tẹ orúkọ náà ká wò ó.
Nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Funfun gbòò,
bí pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.
"Orúkọ la gbà lónìí, Bọ̀ọ̀dá.
Ilé tí yóò jẹ́ ẹ, a ò tíì kọ́ ọ."

Mo jáde síta. Òjò ti fọ bọ́ọ̀dù mi,
ọ̀dà ti ṣí kúrò nídìí lẹ́tà àkọ́kọ́,
Ona lásán ló kọjú sí títì.
Mo padà wọlé, mo mú ìṣó kan nínú agolo.
Mo kàn án mọ́ abẹ́ O,
òòlù mẹ́ta péré.