Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́wàá

Nínú agolo mílíìkì kan lórí firíìjì wa ní Fray Bentos
ni bàbá mi kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá sí.
Kò sí ìlẹ̀kùn tí ọ̀kankan nínú wọn lè ṣí mọ́.

Èyí tó wúwo jù, tó ti dípẹtà, ti Oruro ni.
Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lórí òkè tí atẹ́gùn ti ṣọ̀wọ́n
bí owó oṣù lápò ẹgbẹ́ tó rà á.
Ó fi orí kan gọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ tí mo dáyé;
wọ́n ní kí ó fi orúkọ pápá náà sọ mí.
Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀.

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ti Volos, létí òkun àwọn Gíríìkì:
oṣù mẹ́fà láìgbowó, ẹja sísun lọ́wọ́ onílé
tó ní òun kò lè sin agbábọ́ọ̀lù ní gbèsè,
àfi tó bá pàdánù pẹnáritì.
Ti Malang, níbi tí òjò àti èrò ti jọ ń hó,
tí wọ́n ń kígbe "Etche! Etche!"
nítorí Etchegoyen kò ṣeé pè nínú òjò.
Ti Kuopio: bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn lórí yìnyín.
Ọmọ etí odò Uruguay rìn kọjá lórí adágún tó dì gbagidi,
ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ó ń gbọ̀n,
kì í ṣe òtútù nìkan ló ń gbọ̀n ọ́n.
Iquique. Ambato. Àwọn yòókù, mo ti gbàgbé.

Wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.
Bàbá mi rìn jìnnà.
Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ló rí: òórùn ìpara kan náà,
ìṣó kan náà lára ògiri,
alágbàtà kan náà, aṣọ rẹ̀ ló yàtọ̀,
tó ń wí pé, "Ọdún tó ń bọ̀."

Iṣan orúnkún rẹ̀ já lọ́jọ́ Sátidé kan
tí ìwé ìròyìn kankan kò kọ nípa rẹ̀.
A kó àpótí mẹ́rin wálé. Okùn bàtà la fi di ọ̀kan.

Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ
tí bàbá wọn ń gé igi fún iléeṣẹ́ bébà.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọn a jókòó yí tábìlì wa ká,
igbá mate a máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́,
òun a sì da agolo náà sílẹ̀, gbàràgbàrà.
"Oruro, ìwọ lo wúwo, dúró sẹ́nu ilé.
Volos, lọ sọ́tùn-ún, o ti mọ bí a ti ń fi ebi sáré.
Kuopio, àárín. O kì í bínú.
Malang, iwájú, lọ pariwo sí wọn létí."
Orúkọ ìlú ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ọmọ.

Mẹ́wàá ni wọ́n. Eléèkọkànlá, ìdérí ìgò ni.

Ọmọ Berruti, tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì, béèrè:
"Ilé wo ni ti ìdérí yìí?"
Bàbá mi fa mate títí ìsàlẹ̀ fi dún hòòrò.
"Ilé ìyá mi, nítòsí afárá. A kì í tì í.
Kuopio ni mo wà nígbà tó kú.
Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà lọ́jọ́ kejì."

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.
Ó ti ìdérí náà sí apá òsì.
"Ìwọ nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá dé, má sáré.
Gbójú sókè ná."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jẹ wá ní méjì sí ọ̀kan.
Bàbá mi délé, ó ka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mẹ́wàá pé,
ó wá ìdérí ìgò títí, ó wo abẹ́ àga.

Mo mọ ibi tó wà.
Mo rí i tó wú nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ Berruti,
ohun tó mú un tiro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn.
N kò sọ.