Ta Ló Bọ́ Bàtà Mi?

Èmi ni mo di àkàbà mú.
Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.
Wínípẹ̀gì, oṣù kejì ọdún, yìnyín ti wúwo jù lórí òrùlé,
ẹ̀gbọ́n mi Lánìhún gbé ṣọ́bìrì gòkè
kí àjà má baà wó lé àwọn ọmọ.
Mo yọ ọwọ́ kan lára àkàbà, mo fi nu imú.
Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́,
bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ńtì já bọ́ lórí alábàárù.

Kò pariwo. Ó wà nílẹ̀ gbalaja, ó ń wo òfuurufú.
Ó béèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́:
“Ta ló bọ́ bàtà mi?”

Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Okùn wọn so pinpin.

Nílé wa, ẹni bá ṣubú, gbígbé là á gbé e.
A ó ní “pẹ̀lẹ́”, a ó ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀,
a ó ní kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ wò.
Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀
nígbà tí ohùn kan fò wá láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: “Má gbé e!”

Erlinda ni, ará Filipíìnì, aládùúgbò wa
tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.
Sílípáàsì ló wọ̀ sá wọnú yìnyín.
Ó kúnlẹ̀ sí ìgbèrí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí rẹ̀ mú
bí ẹni di ẹyin mú nínú ọkọ̀ tó ń sáré.
“Má yí ọrùn. Má mi orí dá mi lóhùn, ẹnu ni kó o fi sọ ọ́.”
Mo ní òtútù á pa á.
Ó ní kí n pe áńbúláǹsì, kí n wá nǹkan bò ó,
ṣùgbọ́n kí n má gbé e.
Mo kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ jáde.
Ó ní kí n fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Mo fún un pọ̀.
“Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?”
Lánìhún ní, “Kí ló ń dúró dè? Kó fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀jẹ̀ ò kán. Egungun ò yọ síta.
Ìtọ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀, kò mọ̀.
Èmi ni ojú ń tì.

Ní ọsibítù, dókítà fi abẹ́rẹ́ gún un láti àtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ahoro.
Ìdodo ni ẹnìkan ti dáhùn: “Yéè!”
Ó fi bírò búlúù fa ìlà síbẹ̀.
Ibi tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀ ní Ìkìrun
ni wọ́n tún ti pààlà fún un ní Wínípẹ̀gì.

Egungun ẹ̀yìn tò bí ìlẹ̀kẹ̀, dókítà ló wí,
mùdùnmúdùn ni òwú tó gba inú wọn kọjá;
ibẹ̀ ni orí ń gbà ránṣẹ́ sẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbà fèsì.
Ìlẹ̀kẹ̀ kan ló yẹ̀. Òwú kò já tán, ó tẹ̀, ó sì wú,
kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó máa kù bí wíwú náà bá rọlẹ̀.
Mo ní, “Ká ní mo gbé e ńkọ́…”
“O kò gbé e,” ló fi dá mi lẹ́nu dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fò lórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo ké halelúyà, mo jí gbogbo wọ́ọ̀dù.
Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe òun ló rán an,
ẹsẹ̀ náà ń dá sọ̀rọ̀ ni.
Lánìhún wò ó bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì lè rín in.

Màámi pè láti Ìkìrun. A ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.
Ó gbàdúrà bó ṣe máa ń gbà á: “Ẹ̀yìn yín á dára.”
Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ iwájú.
Mo tún un ṣe. Ohùn mi ò jáde dáadáa.

Aago méjì òru ti lù. Mo ní láti yí i padà
kí ara má baà bó níbi tí kò ti lè dùn ún.
Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú.