Àtòkè-Délẹ̀

Inú kíláàsì tí mo ti kọ́ ábídí ni wọ́n gbé àpótí ìbò sí,
ilé-ìwé ìsàlẹ̀ Odínjọ, tí ìjì ti ṣí àjà rẹ̀ tipẹ́.
Ọmọdébìnrin tó jókòó ti ìwé orúkọ na bébà méjì sí mi,
ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀.
Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀ o."

Èmi! Èmi ni wọ́n ń sọ fún pé kí n fara balẹ̀.

Baba mi, Fìtílà ni.
Wọ́n kun fìtílà sára ògiri ilé wa,
ọ̀dà pupa, òkè fèrèsé,
ọdọọdún ni Baba ń tún un kùn kó tó ra bàtà iléyá fún wa.
Nígbà tí Làsísì wá tọrọ mi,
Baba kò bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.
Ó ní, "Níbo lẹ máa ń tẹ̀ nílé yín?"

Mo wọ ẹ̀yìn páálí.
Ìwé alága: mo wá fìtílà, mo tẹ̀ ẹ́.
Ìwé káńsẹ́lọ̀: àtàǹpàkò mi ti ń lọ
kí ojú mi tó dé ibẹ̀,
bí ẹṣin tó mọ̀nà ilé, tí ẹni tó gùn ún ti sùn.

Àmọ́ ojú mi dé ibẹ̀.
Mo rí Kọ́kọ́rọ́,
mo sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn Kọ́kọ́rọ́.
Múfútáù tó ń lẹ táyà nídìí afárá ni,
tó gbé ṣọ́bìrì wọ gọ́tà wa lóṣù Agẹmọ èṣí,
tó ń kó ọ̀rá omi, bàtà ẹyọ kan, òkú ewúrẹ́ síta,
tó ní ká má sanwó, ká ṣáà bu omi fóun kóun fi fọ ẹsẹ̀.
Èmi ni mo bu omi náà. Ike aláwọ̀ ewé.

Ẹni tó wà lẹ́yìn Fìtílà ńkọ́?
N kò mọ orúkọ ẹ̀.
Wọ́n ní àna alága ni. Wọ́n ní Bódìjà ló ń gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ẹ dúró ná.
Ṣebí àwọn Kọ́kọ́rọ́ yìí náà ti jókòó síbẹ̀ rí,
tí wọ́n ta pápá tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù?
Mo ní bí mo bá tẹ Múfútáù, àwọn yẹn ni mo tẹ̀.
Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.
Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo rí ojú Baba lórí páálí,
òkú ọdún mẹ́sàn-án, tó ń yọjú wo ọwọ́ mi.
Mo tẹ Fìtílà.
Yíǹkì náà tutù.

Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi ta Múfútáù yọ.
Mo ṣírò ẹ̀ lóru: ẹni mẹ́fà péré,
kí ẹni mẹ́fà yí ọwọ́ padà, ó ti wọlé.
Mo ka agboolé wa: Ìyá Nìmọ́tà, Sùúrà,
Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ Rálíátù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
èmi.
Mo dẹ́kun kíkà.

Lóṣù Ọ̀wàrà, Kúdẹtì gbórí sókè,
ó wọ pálọ̀ láìkan ilẹ̀kùn,
kò bèèrè ibi tí a máa ń tẹ̀.
Ó gun ògiri títí ó fi bọ́ ẹsẹ̀ fìtílà Baba.
Mo pe káńsẹ́lọ̀. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn,
ẹ̀rọ tó ní kí n tún pè bó bá ṣe díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, ìró ṣọ́bìrì lẹ́yìnkùlé.
N kò jáde. Kí ni n óò ní mo wá sọ?
Mo dúró nínú omi tó mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀,
mo di ike aláwọ̀ ewé mú,
mo ń wo àtàǹpàkò mi,
tó ti mọ́ nini láti ọjọ́ pípẹ́.