Tàkúté Abẹ́ Kọnkéré

Bàbá mi máa ń dẹ tàkúté sẹ́bàá ọ̀nà oko, ní Ìdànrè,
lábẹ́ àpáta tí kùrukùru kì í tètè ká kúrò lórí rẹ̀.
Á gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, á ri okùn mọ́lẹ̀, á fi ewé kòkó gbígbẹ bò ó,
á ní, "Má tẹ ibẹ̀ yẹn o. Ẹlòmíì ló ń retí."

Lónìí, ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, kọnkéré ti bo gbogbo ọ̀nà,
èmi náà kúnlẹ̀, mo ń ri okùn.

Túyì ọmọṣẹ́ mi ń da omi sẹ́nu ayùn.
Ayùn ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú,
ẹrọ̀fọ̀ funfun ń ta sí wa lójú bí ògì.
"Ọ̀gá, kí ló dé tí a ń bẹ́ igun rẹ̀ sọnù?"
Mo ní igun tó bá mú jù á máa jẹ ara okùn.
Bí mọ́tò bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á já,
bí ọ̀rọ̀ ogún ṣe ń já ẹbí, díẹ̀díẹ̀, níbi tí ojú ò tó.
Bẹ́ igun. Jẹ́ kó yí bí ìgunpá.

Ìlọ́po mẹ́rin la yí i.
Kò gbọdọ̀ sún mọ́ irin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn kọnkéré,
kò gbọdọ̀ sún mọ́ géètì fúnra rẹ̀,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ.
Orí okùn méjèèjì, mo lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra
títí dé inú àpótí kékeré tó wà lára ògiri.
Mo yọ́ ọ̀dà dúdú, mo dà á sójú ọgbẹ́.
Ilẹ̀ pa ẹnu dé.

Agogo mẹ́ta kọjá kí NẸ́PÀ tó mú iná dé.
Dókítà Akindútirẹ̀ wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó rọra ń bọ̀.
Táyà iwájú kan ilà. Iná pupa inú àpótí ṣẹ́jú.
Géètì ṣí, láìsí ẹni tó wí pé "Ẹ káàbọ̀."
Dókítà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó padà sẹ́yìn,
ó tún wá, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.
Pá Ògúnléye, adènà, di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú,
kò rí ibi tó máa gbé e sí.

A ti ń kó irinṣẹ́ nígbà tí màmá kan dé láti Ìta-Ògbólú,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lórí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
Ìyá tó bí Dókítà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Ó dúró lórí ilà gẹ́lẹ́.
"Àgò o!"
Géètì ò fọhùn.
Ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀.

Tàkúté bàbá mi, ẹran ara ló mọ̀.
Tèmi, irin nìkan ló ń gbọ́,
gbogbo irin ara màmá ò sì ju
abẹ́rẹ́ kan tó fi mú gèlè dúró.

Pá Ògúnléye wò mí. Wọ́n ti ní kó má fọwọ́ kan géètì mọ́.
Mo wo Túyì.
Túyì ò bèèrè nǹkan kan. Ó ti bárò onírin wá,
èyí tí a fi kó èérún kọnkéré,
ó gbé e dúró síwájú ẹsẹ̀ màmá.
Iná pupa ṣẹ́jú.

Màmá wo géètì tó ń ṣí, ó wo bárò, ó wá kọjú sí mi:
"Ṣé bárò yìí ló wá bí i ni?"

Mi ò rí èsì. Pá Ògúnléye ti gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀,
wọ́n jọ ń wọlé lọ, wọ́n ń kíra, kíkí ò tán,
géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, nítorí bárò ò tíì kúrò.

"Ọ̀gá, ṣé kí n tì í kúrò?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i.