Bàbà Lọ́wọ́ Bàbá

Ní Antwerp, lọ́dún tí odò dì bí òkúta,
bàbá mi Gommaar ń fi irin ṣóńṣó fín bàbà.
Ẹja yọ jáde, ó wọ bàtà onígi.
Ìkòkò hu ẹsẹ̀, ó ń lé ẹyin tó ń sunkún.
Ẹyẹ kan fi àrọ dé orí bí fìlà,
ìdí rẹ̀ ń fọn fèrè.

Èmi ni mo ń kun tàdáwà, tí mo ń nù ún,
títí èékánná mi fi dú ju ìdí ìkòkò lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan jókòó sí igun,
ó ń ka owó sínú ẹnu ara rẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, imú yìí mà jọ ti Lambrecht onílé,
àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà rèé."
Ó ní, "Machteld, tẹ̀wé."

Lọ́jọ́ ọjà, èrò rọ́ wá, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ.
Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀:
ohun tí a fín sí ọ̀tún lára bàbà,
òsì ló ń bọ́ sí lórí ìwé.
Onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Bí dígí ṣe ń fi ojú rẹ̀ hàn án láràárọ̀
gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ náà ṣe ń wò ó.
Ó sanwó. Ó ká ìwé náà sínú ẹ̀wù.
Kò béèrè owó ilé lóṣù yẹn.

Lálẹ́, mo dán bàbà tuntun títí ó fi ń kọ mànà.
Mo rí ojú mi níbẹ̀,
kò tíì nírù, kò tíì níyẹ̀ẹ́.
Bàbá gbé fìtílà súnmọ́ mi.
Ó ní, "Má mì."